Látúnjí àti Agbọ̀n Tó Kọ Ọwọ́ Òsì

Kí n tó la ẹnu ni ẹ ti fura: kò sí àlá tí Látúnjí lá rí tí òun kọ́ ni ìràwọ̀ inú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń fi básíkẹ́tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n, jẹun. Kíláàbù mọ́kànlá ló ti gbà á, kò sì sí èyí tó lò ó kọjá ọdún méjì. Bí ẹ bá bi í, á ní ńṣe ni wọ́n ń jà du òun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo yànga yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kí kíláàbù kan sọ fún un pé kó má lọ mọ́.

Àlá yìí, ojú ọ̀sán gangan ló lá a. Ó bá ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì kíláàbù kọkànlá, èyí tó wà lọ́wọ́. Ọ́fíìsì náà léfòó sójú òfuurufú, ó ń mì jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀. Látúnjí kàn nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Alága wọn, Olóyè Fátóògùn, na ìwé àdéhùn sí i.

"Ọdún mẹ́ta gbáko. Buwọ́ lù ú, ọmọ mi."

Kí Látúnjí tó rí bírò, Olóyè ti di òbúkọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ó ti ń jẹ ìwé náà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibi tí màá buwọ́ lù sílẹ̀."

"Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀," ni òbúkọ wí. "Lọ ju bọ́ọ̀lù kan wọlé. Bó bá wọlé, màá jẹ àpọ̀jẹ, wàá rí ìwé rẹ gbà."

Ilẹ̀ ọ́fíìsì di pápá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló kù. Àwọn géńdé méjì tó ga bí òpó iná dí ọ̀tún rẹ̀ pa; òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Látúnjí fi òsì gbé bọ́ọ̀lù, ó fò sókè síbi agbọ̀n.

Agbọ̀n wúkọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ wo lo fi ń fún mi ní nǹkan?"

Látúnjí dúró lófuurufú. "Ẹ má bínú, Bàbá. Eré ni."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Ta ló kọ́ ẹ nílé?"

"Ṣáà jù mí, jàre!" ni bọ́ọ̀lù pariwo. "Àkókò ń lọ!"

Kí ni ọmọ tí a kọ́ yóò ṣe? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin gígùn ni: kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ti lọ.

Inú agbọ̀n yọ́. "Ó dáa. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

Fèrè dún. Òbúkọ gbé ìwé mì.

Látúnjí lajú, ó rí i pé òun ṣì wà lófuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá méjì ló gbé bẹ́ńṣì tó sùn lé lórí látìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, a fẹ́ gbé bẹ́ńṣì yìí wọlé."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi dà?"

"Bọ́ọ̀sì yín ti lọ."

"Láìka orí?"

"Wọ́n kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kóòṣì yín kà á. Ó ní wọ́n pé."