Sìlíńdà Kejì àti Kẹta

Nígbà tí ìyàwó mẹkáníìkì náà kú, àwọn tó wá kí i máa ń wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó jáde, nítorí pé ojú náà gbẹ. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń gbé ìjókòó fún wọn, ó ń sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, ńṣe ló dà bí apá téèyàn sùn lé lórí mọ́jú: ó fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Ilẹ̀ bá ṣú, á sùn.

Ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Ó ń gbọ̀n tó bá dúró lójú kan, kò sì lágbára tó bá ń gun òkè. Mẹkáníìkì náà pinnu pé òun yóò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, òun yóò sì tún un tò láti ìsàlẹ̀ dókè. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ní òun ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Télọ̀ ni ìyá náà, kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀.

Ó ní, “Mi ò kàn fẹ́ rí ẹ̀rọ ìránṣọ mi sójú ni.”

Nígbà tó dé, mẹkáníìkì ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà gbóná, ó pa á, ó sì ń yọ àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

“Ṣebí o ní o fẹ́ tú u?”

“Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná, Màmá. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní. Bákan náà ló yẹ kí gbogbo wọn máa fún afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí ọ̀kan bá rọ̀, ṣe ló máa ń gbọ̀n bíi tábìlì tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Ẹ bá mi jókòó síwájú, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù tí ọkọ̀ fi ń sáré mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́.”

Ìyá wọlé jókòó. Nígbà ayé ọmọ rẹ̀, ó ti fa àga náà síwájú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, àga náà sì bá ìyá náà mu rẹ́gí.

“Ṣé kò ní gbé mi sá lọ?”

“Kò lè sá, Màmá. Mo ti yọ gbogbo eyín ẹnu ẹ̀.”

Wọn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà yí kọ́kọ́rọ́.

Mẹkáníìkì ti de géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́. Ọwọ́ géèjì náà fò sókè díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí àádọ́sàn-án. Ìkejì kò tó àádọ́rùn-ún. Ìkẹta ò tilẹ̀ tó ìkejì. Ìkẹrin tún padà sí àádọ́sàn-án.

Ó bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìkejì àti ìkẹta, ó tún wọ̀n wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ríìngì ara písítìn ló ti jẹ, ọ́ìlì yẹn ì bá dí àyè rẹ̀, géèjì ì bá sì gòkè. Géèjì kò kúrò níbi tó wà. Ó wá gbé písítìn inú sìlíńdà kejì dé òkè, ó fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sínú rẹ̀.

“Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín sórí ihò kẹta.”

Ìyá fi ọwọ́ síbẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ń jáde.”

“Kò yẹ kó jáde níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí afẹ́fẹ́ láàárín àwọn méjèèjì ti jóná. Òun nìkan ni. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì dáa.”

Ó pa afẹ́fẹ́, ó lọ jókòó sórí táyà kan. Ìyá wò ó.

“Ojú rẹ ò jọ ti ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.”

“Mo ti ń retí iṣẹ́ tó máa pẹ́ ni, Màmá.”

Ìyá fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. “Wọ́n ń sọ ọ́ pé mi ò sunkún.”

“Wọ́n ń sọ tèmi náà.”

“Láràárọ̀ ni mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí n wò ó bóyá ẹkún náà ti dé. Kò wá. Mo rò pé èmi nìkan ni.”

Mẹkáníìkì gbójú sókè wò ó. Ìyá ní, “Tó bá wù ọ́ láti tú gbogbo ẹ̀, tú u. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó rí i lọ́kàn ara rẹ̀: gbogbo nǹkan nílẹ̀ lórí tapólì, ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò ní sẹ́ni tó máa pè é. Ó mi orí pé rárá.

“Ríìngì ẹ̀ jókòó dáadáa. Kò ṣẹ̀ mí.”

Wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì nìkan. Ibi tó jóná hàn kedere láàárín ìkejì àti ìkẹta, ó dúdú, ó tín-ín-rín. Ó fi rúlà onírin wo orí náà bóyá ó ti tẹ̀, kò tẹ̀. Ìyá ló ha àjẹkù gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú ojú rírán tí kò fẹ́ kí aṣọ ya. Mẹkáníìkì kò ní kó ṣe sùúrù, nítorí pé kò sídìí fún un.

Nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé, wọ́n tò ó padà, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn, kò sì gbọ̀n.

“Ta ni yóò máa wà á báyìí?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

Ìyá mi orí pé òun gbọ́. Kò pa ọkọ̀ náà, kò sì sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àga ọmọ rẹ̀. Mẹkáníìkì kó àwọn sípánà rẹ̀ jọ, ó lọ fọ ọwọ́, kò sì kánjú.