Ilé Tí Ọmọ Mi Pa Rẹ́

Mo sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fìdí ìyẹn múlẹ̀ ná, torí mo ti gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa. Irọ́ ni. Mo dúró sẹ́yìn àga tó jókòó sí, mo nàka sí àwòrán ilé kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà, mo ní, "Ẹnjiníà, ohun yòówù kó o ṣe sí kọ̀ǹpútà yìí, géèmù mi ò gbọdọ̀ sọnù."

Ẹnjiníà là ń pe àkọ́bí mi láti ìgbà tó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ tó sì tún un tò. Àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń bójú tó báyìí, orúkọ náà sì ti kó sí i lórí jù. Ọ̀sán Sátidé ló dé. Ó tan kọ̀ǹpútà wa, ó pòṣé. Ó ní ó ti ń falẹ̀ jù, pé ìdọ̀tí ti kún inú ẹ̀, àfi kóun pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kóun wá tún ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá kọ́kọ́ kó géèmù yín pamọ́."

Ó so àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o síbẹ̀. Nǹkan náà pọ̀. Ìlà kan báyìí ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó tiẹ̀ pè mí wá wò ó. "Ẹ wo bó ṣe tóbi tó! Iṣẹ́ tèmi ò gba àyè tó géèmù yín." Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo po tíì fún un. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi pò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú géèmù ọ̀hún. Ilé ni. Géèmù ilé kíkọ́ ni, tí èèyàn á to ògiri, á fi fèrèsé síbi tó bá wù ú, tó bá sì parí, á lè rìn wọ inú ilé náà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló fi sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ọlidé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀ kí n lè gbàgbé ìṣòro mi, torí ìṣòro ń bẹ. Àrùn ìgbàgbé mú ọkọ mi. Bíríkìlà ni, ọ̀gá láàárín àwọn bíríkìlà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ilé tí a ti tọ́ àwọn ọmọ wa, kí ìjọba tó wó o torí wọ́n fẹ́ fẹ títì. A wá kó wá sí yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́ báyìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Á ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Á máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀, nígbà míì á máa sunkún, tí mo bá sì sún mọ́ ọn, kò ní mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan, mò ń to ògiri nínú géèmù yẹn, ó wá dúró sẹ́yìn mi. "Fèrèsé yẹn ti ga jù," ó ní. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé wa kọ́ nìyẹn o, òun ń nàka, èmi ń ti máòsì. Ọkùnrin tí ò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ ló rántí àtẹ̀gùn tí omi òjò máa ń dá sí. Ó rántí pé ìta ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń ṣí sí, torí mo bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi gbà. Nígbà tí a kọ́ ọ tán, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a kì í wọ inú ẹ̀. A ó gba iwájú wọlé, a ó yà sí pálọ̀, a ó dé ẹ̀yìnkùlé, ara rẹ̀ á wá rọlẹ̀. Á ní, "Abẹ́rẹ́, a ti délé." Abẹ́rẹ́ ló máa ń pè mí láti ìgbà ọ̀dọ́. Aránṣọ ni mí, ó sì ní ẹnu mi náà ń gún. Inú ilé yẹn nìkan ló kù tó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ èyí fún Ẹnjiníà rí. Ó ní, "Ìyẹn mà dáa o, Màámi," ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kọ̀ǹpútà ń yára bí àṣá. Ó da géèmù padà sí i, orin rẹ̀ dún, inú mi dùn. Mo jókòó, mo tẹ ibi tí ilé wa máa ń wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ilẹ̀ gbalasa àti ọ̀rọ̀ tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun.

"Ilé mi dà?"

"Ilé wo?" ó ní.

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó wá a níhìn-ín, ó wá a lọ́hùn-ún, òógùn bò ó. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, ìyẹn ni mo fi gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ṣé o kó fóòdà tó máa ń tọ́jú ohun téèyàn bá kọ́?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í. "Kì í sí lọ́dọ̀ géèmù fúnra ẹ̀ o. Ọ̀tọ̀ ló ń wà, kékeré bíńtín báyìí. Géèmù kì í ṣe wàhálà, wàá tún rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà. Fóòdà yẹn gan-an ni nǹkan."

"Ṣé mo ṣì lè rí i padà?"

"Ṣé o ti fi nǹkan tuntun lé e lórí? Tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn."

Ẹnjiníà pa fóònù.

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Gbogbo ọ̀sán ló fi kó ohun tó kún ìta, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí kò sí níbòmíì láyé rẹ́. Kò sì béèrè o! Mo wà níbẹ̀, mo jókòó, mo lẹ́nu.

"Màámi, ẹ má bínú. Géèmù lásán ni, ẹ lè tún un kọ́."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" mo ní. "Lásán? Ìgbà wo lo jókòó ti bàbá ẹ nírọ̀lẹ́ rí? Wàá wọlé, wàá bi mí pé 'Ṣé wọ́n ti jẹun?' nígbà tó jókòó síwájú ẹ, bí ẹni pé adití ni. Wàá wo aago. Wàá tún nǹkan tẹ́nì kan ò bẹ̀ ẹ́ ṣe, wàá sì bá tìẹ lọ. Ta ló sọ fún ẹ pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀? Ṣé mo ní mò ń kánjú ni?"

Ariwo mi ló jí ọkọ mi. Ó jáde látinú yàrá, ó ti wọ bàtà, tọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mo fẹ́ máa lọ sílé."

Mo di apá ọmọ mi mú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. "Ó yá. Mú bàbá ẹ délé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri. Ó fi pálọ̀ sí òsì, ọ̀tún ló wà. Ó gbàgbé ọ̀ọ̀dẹ̀ pátápátá, níbi tóun fúnra ẹ̀ ti kọ́ ìrìn. Mo mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà, mi ò la ẹnu mi. Ọkọ mi dúró tì í, ó ń wò ó jẹ́ẹ́, bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì.

"Ilé ta lẹ̀ ń kọ́?"

"Ilé wa ni, Bàámi. Ẹ sọ fún mi, níbo ni yàrá yín wà?"

Ọkọ mi mi orí. "Mi ò mọ ilé yín, ọ̀gá. Ẹ̀ bá bi onílé."

Omi bọ́ lójú Ẹnjiníà. Bàbá rẹ̀ rí i, ó ṣàánú rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ilẹ̀ ló ti ń ṣú. Ẹ máa parí ẹ̀ lọ́la. Èmi ò lè dúró mọ́, ìyàwó mi ń retí mi nílé, kì í jẹun àfi tí mo bá dé."

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó fẹ́ kí n bá òun dá bàbá òun lóhùn, bí mo ṣe máa ń gbẹnu sọ fún un láti kékeré.

"Kí lò ń wò mí sí?" mo ní. "Sọ ibi tí ìyàwó ẹ̀ wà fún un."