Wúrà Ẹ̀yìn Ìgbín

“Kí ni ẹyin fi ṣe ọ́ tí o fi ń gún un láràárọ̀?”

Morìnsọ́lá kò lè yíjú. Ó fi ìka méjì mú pupa ẹyin kan lókè kọ́ọ̀bù, ó ti fi abẹ́rẹ́ gún awọ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó máa kán sílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, awọ á já sínú kọ́ọ̀bù, kókó á sì wà nínú ọ̀dà.

“Ẹ má bínú, Màámi. Ọ̀dà ni mo fẹ́ fi pò.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. Láti ọjọ́ tó ti dé sí Amukoko, kò sí ohun tó rí tó dùn ún tó ẹyin wọ̀nyí. Ọdún karùn-ún rèé tí Gbénró ti gbé Morìnsọ́lá níyàwó, ọmọ kò tíì dé, ìyàwó sì jókòó pa, ó ń fọ́ ẹyin. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ ni ẹyin?

“Ìwọ tó ń wá ọmọ, ọmọ lo ń gún yẹn! Màá pe ọkọ rẹ.”

Ó pè é lóòótọ́. Gbénró wà ní ibùdókọ̀ Coconut, níbi tí mẹkáníìkì ti ń tún tírélà rẹ̀ ṣe. Màmá tẹ sípíkà, gbogbo ilé sì gbọ́.

“Morin, abeg,” ohùn Gbénró rẹlẹ̀, “fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ná. Títí Ọlọ́run á fi dá wa lóhùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Morìnsọ́lá ju ti ìyá lọ. Ṣebí Gbénró yìí kan náà ló máa ń bá a wá ìgbín tó máa wò yà lábẹ́ ewé kókò ẹ̀yìn ilé! Ọwọ́ sístà ìjọ Àgùdà kan ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, àwòrán tí wọ́n ń fi ọ̀dà ẹyin yà, tí wọ́n sì ń lẹ wúrà mọ́. Àwọn ẹni mímọ́ ni sístà máa ń yà, ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá ní alángbá, labalábá àti ìgbín ló wu òun láti fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí. Ifeoma tó ní ṣọ́ọ̀bù àwòrán ní Àpápá ń retí ẹ̀.” “Èmi náà ń wá ọmọ, Màámi. Iṣẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí n ronú kú.”

Màmá pa fóònù. Morìnsọ́lá ti fèrèsé, ó pa fáànù, nítorí ewé wúrà, wúrà tí wọ́n lù pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn díẹ̀ lè gbé e lọ. Kò pẹ́ tí ooru fi gba gbogbo yàrá náà. Màmá fa etí ìró rẹ̀, ó fẹ́ fi fẹ́ra.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má fẹ́ra!”

Màmá pòṣé. Ó sún mọ́ tábìlì láti wo ohun tí kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ra nínú ilé ọmọ rẹ̀. Àwòrán ìgbín kan wà lórí pákó, ó na ìwo síta bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìkarahun rẹ̀ nìkan ló kù tí kò tíì gba wúrà, ohun pupa kan tó ń dán ló wà níbẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ ọn.

“Amọ̀ nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Tí mo bá mí sí i, á tutù díẹ̀, wúrà á sì lẹ̀ mọ́ ọn.”

“Òkúta ni wọ́n fi dán an. Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, Màámi.”

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìkòkò ni mo ń mọ nígbà tí mo délé ọkọ. N kò tètè bímọ, wọ́n bá ní iná tí mo fi ń sun ìkòkò ló ń yan ilé ọmọ mi. Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tún fi jókòó kí Gbénró tó dé. Ọmọ ò sí, iṣẹ́ ò sí. Ojú mi rí nǹkan.”

Àṣé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àánú ìyá náà ṣe Morìnsọ́lá, ó ń wò ó lójú.

“Mí sí i,” ni Màmá wí. “Kí lò ń wò? Mí sí i.”

Morìnsọ́lá tẹ̀ síwájú, ó mí sí amọ̀ náà, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbé ewé wúrà. Fóònù dún. Màmá yára gbé e.

“Màámi, ṣé ó ti kó o kúrò nílẹ̀?”

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu kí èémí rẹ̀ má baà dé ibi tábìlì.

“Má pè wá báyìí, Gbénró,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “A wà lẹ́nu iṣẹ́.”