Ìṣáná Hassanat

Mo ti pinnu pé ìjà ni màá jà. Láti Ọgbà dé Ìkẹjà, èébú ni mo ń tò sẹ́nu. Aró tí mo rà níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń ta aró níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dípò, ti ba aṣọ àdìrẹ mi jẹ́. Àwọ̀ tó yẹ kó mú dáadáa, ńṣe ló ṣá bí omi tí wọ́n fi fọ ṣòkòtò.

Láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, tí ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi, bàbá Shukurat, ti ń hun aṣọ dá wọn dúró, ìdí àdìrẹ ni gbogbo wa ti ń jẹun. Oníbàárà mi ńlá ní Abúlé Ẹ̀gbá sì ti sọ ọ́ lójú mi: bí aṣọ tó kàn bá tún rí báyìí, òun ti rí ẹlòmíràn. Bó bá lọ, kí la fẹ́ jẹ?

Nígbà tí mo dé dípò náà, Hassanat, ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà, ló jókòó lẹ́yìn káńtà. Mo pè é ní olè, mo pe ọ̀gá rẹ̀ ní baba olè. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ n rí aṣọ náà.”

Mo jù ú sí i. Kò tilẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Ó fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, ó mú mi jáde síta, torí wọn kì í ṣáná nítòsí aró, ó wá ṣáná sí i. Fọ́nrán náà kò di eérú. Ó yọ́, ó ká jọ, ó di kókó dúdú tó le.

“Kì í ṣe òwú nìkan nìyí, mà. Òwú ti wọ́n, wọ́n ti po fọ́nrán ọ̀rá bíi náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Aró wa kì í mú lára ọ̀rá.”

“Ṣé kí n ra aró sí i ni?”

“Rárá o! Bí ẹ tilẹ̀ ra gbogbo aró tó wà ní dípò yìí, ẹ kàn máa fowó ṣòfò ni. Aṣọ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ sun fọ́nrán kan. Tó bá rùn bíi bébà tó jó, tó di eérú, ẹ rà á. Èyí tó bàjẹ́ yìí, ẹ fi rán kọ́tìnnì, kì í rún.”

Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó tajà fún mi, òun ló ní n má rà. Gbogbo èébú tó kù lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Nígbà tí mo yọ ìṣáná ní Agége, ní ìsọ̀ Àlàmú aláṣọ tó ta aṣọ yẹn fún mi, ó figbe ta: “Ìyá Shukurat, ṣé ẹ fẹ́ dáná sun mí ni?” Ṣùgbọ́n fọ́nrán àkọ́kọ́ kò tíì yọ́ tán tó fi lọ gbé ojúlówó wá láti ẹ̀yìn.

Mo rà á lọ sílé, mo rẹ ẹ́, mo fa á jáde nínú aró, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di búlúù tó jinlẹ̀. Mo sunkún ayọ̀. Oníbàárà mi kó gbogbo rẹ̀, ó tún ní òun ń fẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n mo ti yọ èyí tó mu aró jù sọ́tọ̀, mo gbé e lọ fún Hassanat. Ó fa fọ́nrán kan yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìṣáná ńkọ́, mà?”

A jáde síta. Ó jó di eérú, atẹ́gùn gbé e lọ. Èmi tí mo bí ọmọ tó jù ú lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀.

“Háà, ẹ dìde, mà! Àwọn èèyàn ń wò wá!”

“Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ọjọ́ tí mo wá bú ẹ, ṣebí wọ́n wò mí.”