Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀rọ Ata

"Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì pa Bíbélì rẹ̀ dé. Dámisí, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti fi igbe àmín já àdúrà òwúrọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Zachariah, aládùúgbò wọn, ti ń kan ògiri: "Una dey call God abi una dey call bus?"

Adébùkọ́lá, ìyá ọmọ náà, káwọ́ lérí. Sista Cynthia tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún un pé bí Dámisí bá tún pariwo mọ́ máíkì, ọmọ mìíràn ni yóò ka Sáàmù lọ́jọ́ ìkórè. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń fi Píjìn dá gbogbo Warri lóhùn ti há odindi Sáàmù sórí ní Yorùbá.

"Mo ti bá a wí títí, Màmá. Ó ti sú mi."

"Ta ló kọ́ ọmọ ní ariwo?"

Adébùkọ́lá rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Enerhen, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ tó ń pariwo bá èèyàn lọ ata. Láti ìgbà tí Dámisí ti ń rákòrò ló ti ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá lanu, òun a ní, "Mi ò gbọ́, sọ ọ́ sókè."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà yíwọ́ padà. Bí Dámisí bá kúnlẹ̀ kí i, a máa kì í bó ti ń kì í tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àbẹ̀ní, ọmọ a-sọ̀rọ̀-gbayì..."

"Grandma, I no dey hear o!"

Ìyá Àgbà a dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà tí ọmọ bá rẹ ohùn sílẹ̀ ni oríkì tó tún ń lọ. Dámisí fẹ́ràn oríkì ju búrẹ́dì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sún mọ́ ọn, títí òun náà fi ń dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Àgbà wá ya ohùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún un: ohùn orí ẹní wà fún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn ìdí oúnjẹ wà fún ìtàkurọ̀sọ, ohùn ojú títì sì wà fún igbe. Bó bá ṣì í, kì í bá a jà. A kàn bi í pé, "Èwo nìyẹn, Àbẹ̀ní?"

Ọjọ́ ìkórè dé. Ẹ̀rù ń ba Sista Cynthia, ó gbé máíkì jìnnà sí ẹnu ọmọ. Dámisí rọra fà á mọ́ra. Ohùn ìdí oúnjẹ ló mú jáde, ó tutù, ó já gaara, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sista Cynthia fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sí halelúyà, gbogbo ìjọ sì dìde. Ìyá Àgbà jó débi pé gèlè rẹ̀ tú. Adébùkọ́lá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, Dámisí ti ilé-ìwé yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ń bú ramúramù. Ìyá rẹ̀ rí i pé ẹnu ọmọ ń mì.

"Mi ò gbọ́," ló bẹ̀rẹ̀, "sọ ọ́..."

Dámisí mi orí. Ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó wá fa ìró ìyá rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n sọ ọ́ sí yín létí."