Ìlà Tí Kò Lámì

Gékúrú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí kóòdù, àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní gé kúrú. Ohun tí ẹlòmíì fi ogún ìlà sọ, márùn-ún ti tó o. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ara ẹ̀ ò balẹ̀. Láti bí oṣù kan ni àkókò ọkọ̀ ojú irin ti ń pòórá lára pátákó ibùdókọ̀, tí ọkọ̀ sì ń fi èrò sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka àṣẹ, tó ń gbé àkókò wọ̀nyẹn síta, àbúrò bàbá ẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Bàbá Kékeré ló ń pè é. Òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá wọn sì ti sojú abẹ níkòó: "Tó bá di aago mẹ́rin tí ò tíì yanjú, a máa da ẹ̀rọ bàbá yẹn nù. Ó ti gbó."

Ó ti gbó kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Gékúrú ní akínyẹmí ara.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Agbálẹ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn, tí ojú ò rí. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò bá lò mọ́, á gbá a dànù kí ààyè lè wà. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà kì í ṣe èèyàn: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ látijọ́, òun náà ló ń gbálẹ̀; oṣù tó kọjá ni wọ́n sọ wọ́n di mẹ́jọ, kí iṣẹ́ lè yá.

Gékúrú dín eré ẹ̀rọ náà kù, ó ń wò ó ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Yéè! Tíì ẹ̀ tutù sórí tábìlì. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ti ti ọwọ́ kan dé òmíràn, láìsí ariwo, láìsí ìjà. Ẹnu yà á gan-an. Agbálẹ̀ wá wo nǹkan kan, kò sẹ́ni tó mú un, ó fi ọwọ̀ kàn án. Kó tó gbá a, òṣìṣẹ́ kẹta na ọwọ́, ó mú un. Agbálẹ̀ ò tún wò ó. Ó gbá a mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ! Bí ọkọ̀ aago méjì ṣe pòórá nìyẹn.

Lókè ibi tí kóòdù agbálẹ̀ wà, Bàbá Kékeré kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe: *Bi owo ba ti kan an, ma gba a.* Gékúrú mọ ìlà yẹn dáadáa. Bí ọwọ̀ bá ti kàn án, máa gbá a. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló kà á bẹ́ẹ̀, tó sì gé àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ dànù. Kí lèèyàn tún fẹ́ yẹ̀ wò nígbà tí ọwọ̀ ti kàn án?

Ọkàn ẹ̀ ò gbà á. Ó pe bàbá.

"Ẹ káàsán, Bàbá Kékeré. Kí lẹ kọ sókè ibi tí agbálẹ̀ wà?"

"Ṣé èèyàn ń gbàgbé ìyẹn? Bí ọwọ́ bá ti kàn án, má gbà á… áà, ahọ́n mi yọ̀! Má gbá a."

Gékúrú di ojú. Ọwọ́, kì í ṣe ọwọ̀. Má, kì í ṣe máa.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ọwọ̀ ni mo kà á. Èmi ni mo gé e."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Gékúrú! O gé e dé eegun! Èmi náà ló ṣọ̀lẹ, tí n ò fàmì sí i."

Gékúrú dá àyẹ̀wò náà padà, ó sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, kí ọwọ́ kankan má lè wọlé láàárín wíwò àti gbígbá. Wákàtí kan kọjá, àkókò kan ò pòórá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Ẹ̀rọ yẹn ò gbó, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́." Ó ro gbogbo ẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́.

Ọ̀gá wo ìlà náà títí. "Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan ló wà nígbà yẹn. Tó bá ń gbálẹ̀, kò lè mú nǹkan kan. Ọwọ́ ta ni bàbá ń ṣọ́ fún?"

Gékúrú tún pe bàbá, ó gbé fóònù sórí tábìlì ọ̀gá, ó béèrè.

"Tiyín ni," bàbá dáhùn. "Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀."