Ìbéèrè Tí Mo Bi Rachel Lábẹ́ Dírípù

Yèyé, ìyá wa, ka Bíbélì dé ibi tí Jékọ́bù ti fẹ́ Leah àti Rachel, ó sì fi orúkọ wọn sọ wá láìro ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Èmi àgbà ni Leah tí Bíbélì ní ojú ẹ̀ kò le. Àbúrò mi tó lẹ́wà ni Rachel. Mo ti ń jowú ẹ̀ láti kékeré, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo bá a tó kọjú sí ògiri nínú yàrá ẹ̀ l'Ókè-Sopen, tí kò kí mi, tí kò tilẹ̀ bú mi, mo bẹ Ọlọ́run kó dá ẹwà ẹ̀ padà kí n tún rí nǹkan jowú.

Ọ̀kadà ló fà á. Kò pẹ́ tí a sin Yèyé tán tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Egungun ẹsẹ̀ jinná, ìrora kò lọ. Á ní iná ń jó òun lábẹ́ awọ, pé kí ìborùn lásán má kan òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ọkàn ẹ̀ náà wó lulẹ̀. Ọmọ tó ń dá orin ní sọ́ọ̀ṣì kò lè wẹ̀ mọ́ bí wọn kò bá gbé omi tì í. Ó lo oògùn, a gbààwẹ̀, a gun orí òkè àdúrà. Pàbó ló já sí.

Ohun kan sì ń jẹ èmi náà lọ́kàn. Ọjọ́ tí Yèyé kú n'Íbíadé, ọjà Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mo lọ ta ẹja tí èmi àti ẹ̀ jọ yan. Rachel nìkan ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó béèrè mi. Mo ní kí ìsìnkú parí ná kí n tó bi Rachel. Ìsìnkú parí, ọ̀kadà dé. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti dárúkọ Yèyé, ògiri ló máa kọjú sí. Àárò Yèyé sọ mí débi pé tí mo bá ń yan ẹja, tí mo sì ṣẹ́ ìrù ọ̀kan jẹ, mo máa ń dúró kí n gbọ́ èébú tó máa ń bú mi: "Leah olójúkòkòrò, ta ni yóò ra ẹja tí kò nírù?"

Àkànjí, ọkọ Rachel, ló gbọ́ nípa dókítà kan l'Ágó-Ìwòyè. Fuad lorúkọ ẹ̀, ọmọ ibẹ̀ gan-an ni.

"Kẹ́támìnì là ń pè é, mà," ó sọ fún mi. "Oògùn tí a fi ń kun èèyàn lóorun kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ ni. Tí a bá fún aláìsàn ní díẹ̀, tó ń kán wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú dírípù, ó lè dín irú ìrora yìí kù, ó sì lè gbé ọkàn tó wó dìde. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o. Mi ò sì lè ṣèlérí pé ìrora ò ní padà."

Mo fẹ́ràn pé kò ṣèlérí. Wòlíì wa ti ṣèlérí títí.

"Á máa ṣe é bíi pé ó ń léfòó," ó tún ní. "Ó lè máa rí nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó bá gbọ́, ibẹ̀ ló máa gbé e lọ."

Mo ní mo gbọ́. Etí mi gbọ́ lóòótọ́.

Hasanat, nọ́ọ̀sì wọn, fi aṣọ bo ojú Rachel, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù. Dírípù ń kán. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Rachel rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Omi," ó ní. "Omi Ìbíadé."

Ní sọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, a kì í jẹ́ kó lọ lásán. Àá kúnlẹ̀ tì í, àá bi í léèrè, á sì dáhùn. Kí n tó mọ̀, mo ti bọ́ bàtà, mo ti kúnlẹ̀, ẹnu mi ti wà létí ẹ̀.

"Rachel, ṣé wo rí Yèyé? Wá a nínú ulé. Bi í bóyá ó béèrè mi."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Yèyé? Yèyé dà?" Ó fẹ́ dìde, omijé ń wọ́ lábẹ́ aṣọ ojú ẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Hasanat tì mí sẹ́yìn. Dókítà sáré wọlé, ó ti dírípù pa.

Rachel dé ilé, ó ní òun kò lọ mọ́.

"Àárọ̀ kùtù ni mo rí lórí omi, ẹsẹ̀ ò dùn mí," ó ń sọ fún ògiri. "Àfi bí ohùn kan ṣe ní kí n wá Yèyé. Mo wọ gbogbo yàrá. Ilé ṣófo. Mi ò ní padà síbẹ̀."

Àkànjí ní bóyá ìkìlọ̀ láti ọ̀run ni. Mo rí i pé tí mo bá panu mọ́, ògiri yẹn ni yóò kú sí.

"É ṣe ọ̀run," mo ní. "Ohùn mi ni."

Ó yíjú kúrò lára ògiri, ó wò mí. "Ẹ̀yin, Àǹtí mi?"

"Èmi ni. Mo rò pé wo ti dé ọ̀dọ̀ Yèyé. Èmi náà ń wá a."

Ó wò mí pẹ́.

"Tí mo bá lọ," ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, "ṣé ẹ ó dákẹ́?"

"Màá dákẹ́."

"Ẹ̀yin yìí?"

Dókítà fẹ́ kí n jókòó síta, Rachel ló ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Nígbà tó tún ní "omi," ìbéèrè mi gun ọ̀fun. Mo ki etí gèlè bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Hasanat rí mi, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ títí dírípù fi tán, àti gbogbo ọjọ́ tí a tún lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, mo kàn gbà pé mi ò ní mọ̀ ọ́n.

Ìrora náà kò tán. Ó rọlẹ̀. Rachel bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wẹ̀ fúnra ẹ̀, a sì gbọ́ ọ tó ń kun orin nílé ìdáná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹja wá fún un láti Ìbíadé, a jókòó síwájú ilé. Ó mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ìrù ẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ bo apẹ̀rẹ̀ ẹja tó kù nílé. Yèyé ní kí n má tíì bò ó, pé Leah ò tíì mú ìrù tiẹ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ sọ fún yín, ẹnu mi ni kò ṣí."

Mo fi ìrù ẹja náà sẹ́nu, mi ò lè gbé e mì. Mo sunkún bíi pé ọjọ́ náà gan-an ni Yèyé kú. Rachel ò ní kí n dákẹ́. Ó rọra sún ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń dùn ún sọ́dọ̀ mi, ó gbé e ti tèmi, kò sì gbé e kúrò.